Ìdí tí jíìpù àlòkù kan fi ń ní iye owó mẹ́ta lọ́wọ́ mẹ́káníìkì mẹ́ta

Bí Kérésì tàbí Àjíǹde bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, jíìpù ni ẹ óò máa rí lójú ọ̀nà ilé wa nílẹ̀ Okun, ní Kogí, láti Ọbájánà títí wọ Kàbà, láti Ọ̀mùò sí Ìyàmọyè, láti Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìsánlú àti Mọ̀pà. Highlander ni, Lexus RX ni, Honda Pilot, RAV4, Pathfinder. Ọkọ̀ tó gba bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin àti àpò gààrì ni gbogbo wa ń wá, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti rin ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà kí wọ́n tó kó wọn dé Èkó, wọ́n sì ti gba ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta níbí kí wọ́n tó kàn wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi ń béèrè ohun kan náà lọ́dọọdún: “Mẹ́káníìkì kan ní kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Èkejì ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀kẹta ní kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Èwo nínú wọn ló ń purọ́?”

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má purọ́. Ohun tí ọkọ̀ ń fi hàn yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe é. Ara ọmọ tó gbóná lè jẹ́ ibà lásán, ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù lóru. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ara rẹ̀ nìkan kò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, gíà tó ń fò, iná tó ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn mẹ́káníìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí àmì kan náà, kálukú wá sọ ohun tó rò pé ó fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to owó sí ìpele. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, owó pààtì kò dúró lójú kan mọ́, torí dọ́là ni wọ́n fi ń kó o wọlé. Iye tí aládùúgbò yín san lọ́dún tó kọjá kò lè jẹ́ òdiwọ̀n fún yín. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni bí àtúnṣe kan ṣe tóbi sí èkejì. Ìpele kìíní ni èyí tí ẹgbẹ̀rún mélòó kan tàbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀wá-ẹ̀wá lè yanjú: ọ́ọ̀sì, ìdérí rádíétọ̀, tẹmọsítáàtì, fíltà, línkéèjì, rọ́bà tó bo ojú ṣáàfù. Ìpele kejì ni èyí tó ń wọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ: rádíétọ̀ gidi, pọ́ǹpù omi pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC, ráàkì sítíà. Ìpele kẹta ni gíà àti ẹ́ńjìnnì, níbi tí mílíọ̀nù ti ń wọ ọ̀rọ̀. Àmì kan náà lè ti inú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kó tó fi hàn yín ìpele tí ọ̀rọ̀ yín wà, ẹ má tíì sanwó fún un.

Ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná

Ibí ni mo máa pẹ́ sí, torí ibí ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò jù. Ẹni tó bá ti Àbújá bọ̀ á la àfonífojì odò ní Lọ́kọ́jà kọjá nínú ooru ọ̀sán, á tò sẹ́yìn tírélà sìmẹ́ńtì ní Ọbájánà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀ wá sí Kàbà pẹ̀lú èèyàn méje àti ẹrù. Bí ohun kan bá ti rẹ̀ nínú ètò omi ọkọ̀ náà, ojú ọ̀nà yìí ni yóò ti hàn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìgbà wo ló ń gbóná? Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tírélà ni abẹ́rẹ́ ń gòkè, tó sì ń wálẹ̀ bí ẹ bá ti rí ààyè sáré, ẹ kọ́kọ́ fura sí fáànù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé ló ń tu rádíétọ̀ lára. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ní ọ̀pọ̀ jíìpù Toyota àti Honda tí a ń lò, bí ẹ bá tan AC, ó yẹ kí fáànù máa yí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wò ó. Bí kò bá yí, fíúsì, rìléè, wáyà tàbí mọ́tò fáànù ni. Iṣẹ́ rewáyà ni, ìpele kìíní ló sì sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lórí eré tàbí lórí òkè ló ti ń gbóná, a jẹ́ pé omi kò rìn bó ṣe yẹ: ó ti dín, tàbí inú rádíétọ̀ ti dí, tàbí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀. Ìpele kejì rèé.

Omi tó ń dín tí ẹ ò rí ojú ibi tó ti ń jò, ìyẹn ló yẹ kó kọ yín lóminú. Láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wà, pẹlẹbẹ kan tó ń ya iná, omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa pàdé. Bó bá jó tàbí bó bá là, iná inú sílíńdà á máa wọnú omi, omi á máa wọ ibi tí iná ti ń jó. Àwọn àmì rẹ̀ kò ṣòroó rí: ọ́ìlì á dàbí èyí tí wọ́n da mílíìkì sí, èéfín funfun á máa jáde pẹ̀lú òórùn dídùn kan, ọ́ọ̀sì ńlá rádíétọ̀ á le gan-gan láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ tan ọkọ̀ tó ti tutù mọ́jú, bí ẹ bá sì ṣí ìdérí kí ẹ tó tan ọkọ̀ tútù náà, omi á máa ru fóòfóò láìdẹwọ́. Àwọn mẹ́káníìkì tó ní irinṣẹ́ gidi tún ní omi àwọ̀ búlúù kan tí wọ́n máa ń gbé sí ẹnu rádíétọ̀; bí afẹ́fẹ́ iná bá ń wọnú omi, á di àwọ̀ ìyeyè. Àyẹ̀wò náà kì í gba àsìkò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú ẹ́ńjìnnì. Ẹ béèrè fún un.

Àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ní orí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe. Bí ooru bá pọ̀ lórí rẹ̀, á ká. Nígbà náà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí yóò fá ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Mẹ́káníìkì tó dá owó gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan fún yín kò ka owó fífá mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí iye tirẹ̀ fi kéré. Ẹni tí iye tirẹ̀ pọ̀ lè ti kà á mọ́ ọn. Bí RAV4 yín bá jẹ́ ti 2004 sí 2006, tàbí tí ẹ bá ní Highlander ayé ìgbà náà tó ní sílíńdà mẹ́rin, ẹ tún ṣọ́ra sí i. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú wọn ní àléébù kan tí a mọ̀ káàkiri àgbáyé: ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ń wọ̀ máa ń jẹ, bóòtù náà kò sì ní di nǹkan kan mú mọ́. Ẹ lè pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọkọ̀ náà á tún máa gbóná, títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi gbẹ́ àwọn ihò náà tí yóò sì fi irin oníhò tuntun sínú wọn.

Àṣà méjì ló ń ba omi ẹ́ńjìnnì jẹ́ nílẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni yíyọ tẹmọsítáàtì sọnù. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ojú ọjọ́ wa ló gbóná jù, ọkọ̀ ò nílò rẹ̀. Tẹmọsítáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń pa omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi móoru tó. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó ń ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa da epo púpọ̀ sí i, ọ́ìlì á sì tètè bàjẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ó lè bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí rádíétọ̀ tó ti dí má tètè hàn. Ìkejì ni omi kànga. Omi lásán tí ìdérí kò dé mọ́ dáadáa ń hó ní 100°C, ẹ́ńjìnnì yín sì ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 90°C, àyè tó wà láàárín kò pọ̀. Kúláǹtì tí wọ́n fi omi lú ní ìdajì-ìdajì, tí ìdérí rádíétọ̀ tó dára sì dé mọ́lẹ̀, kì í hó títí yóò fi kọjá 120°C. Láfikún, omi kànga máa ń mú ìpẹtà àti ìpẹpẹ wá, àwọn ló ń dí ojú rádíétọ̀. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó náà ń jẹ́ kí omi tètè hó, bẹ́ẹ̀ ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ètò náà ni.

Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè lójú ọ̀nà, ohun tó tọ́ ni kí ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ má sì ṣí ìdérí rádíétọ̀ títí yóò fi tutù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lórí àwọn ọ̀nà wa, ibòmíràn wà tí kò yẹ kí èèyàn dúró sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa AC, ẹ tan ooru inú ọkọ̀ dé òpin, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ rọra máa lọ láìtẹ iná títí dé ìlú tó súnmọ́ jù. Ooru tó ń fẹ́ sí yín lára yẹn, inú ẹ́ńjìnnì ló ti ń jáde. Bí abẹ́rẹ́ bá dé òkè pátápátá, ẹ pa á níbikíbi tó bá wù kó jẹ́, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i lè sọ ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀sì di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ọ́ìlì, àti kéègì lítà mẹ́rin

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra kéègì ọ́ìlì lítà 4 kan fún sáfíìsì, wọ́n á sì rò pé ó parí. Ẹ́ńjìnnì V6 3.5 (èyí tó ní sílíńdà mẹ́fà) inú Highlander 2008 sí 2016 gba ju lítà 6 ọ́ìlì lọ pẹ̀lú fíltà. Kéègì kan nìkan á ṣẹ́ ẹ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá tún wá gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ọ́ìlì á fò sí ẹ̀yìn, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, ohun tí a ń pè ní nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì wà ní ìpele kẹta, bẹ́ẹ̀ kéègì kejì ni ì bá gbà á là.

Ẹ́ńjìnnì V6 3.5 yẹn dára gan-an, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jáde, bíi èyí tó wà nínú Lexus RX 350 ti 2007 àti 2008, ní ọ́ọ̀sì ọ́ìlì kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà náà lè bẹ́ lójijì, kí gbogbo ọ́ìlì sì tú dànù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Toyota fúnra rẹ̀ pe àwọn oníbàárà padà ní Amẹ́ríkà láti fi èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ tiyín lè ti gba ti irin, ó sì lè má tíì gbà á. Ẹ ní kí mẹ́káníìkì tan tọ́ọ̀ṣì sí i kó wò ó. Bó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà jìnnà.

Ti RAV4 2006 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 yàtọ̀: òun máa ń jẹ ọ́ìlì. Kò ní jò sílẹ̀, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, géèjì kàn máa lọ sílẹ̀ ni, torí rín-ìnkì písítìn kì í nu ọ́ìlì tán. Àtúnṣe tòótọ́ ni pípààrọ̀ písítìn àti rín-ìnkì, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá a gbé nípa fífa géèjì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n sì máa fi kún un, ó sì ṣeé gbé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹ kò bá gbàgbé. Ọ́ìlì tó ń jò láti ojú ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì kò sí nínú ìjọ yìí rárá. Rọ́bà lásán ni ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín pé ẹ́ńjìnnì ti lọ.

Bẹ́líìtì, ṣéènì, àti máìlì tí a ń kà bíi kìlómítà

Ìbéèrè kan wà tó lè gba ẹ́ńjìnnì yín là: ṣé bẹ́líìtì ló ń yí inú rẹ̀ ni àbí ṣéènì? Highlander V6 tó dé ṣáájú 2008 àti Lexus RX 330 ń lo bẹ́líìtì rọ́bà, wọ́n sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 90,000 máìlì. Honda Pilot V6 náà ń lo bẹ́líìtì, tirẹ̀ lé díẹ̀ ní 100,000 máìlì. Bí bẹ́líìtì Pilot bá já lórí eré, písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ óò sì rí ìpele kẹta lójú ẹsẹ̀. Highlander 2008 sókè àti RX 350 ń lo ṣéènì, kò sí ohun tí ẹ máa pààrọ̀ níbẹ̀ bí ẹ bá ń yí ọ́ìlì lásìkò.

Ní báyìí, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà ń ka máìlì, kì í ka kìlómítà. Ẹni tó rí 120,000 tó sì rò pé kìlómítà ni, ọkọ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bíi 193,000 kìlómítà. Àlàfo yẹn tó láti já bẹ́líìtì. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí, ẹ kà á sí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n sì fi pọ́ǹpù omi tuntun sí i lọ́jọ́ kan náà, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa tú kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, ẹ óò sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì.

Gíà

Bí gíà bá ń fò, tó ń gbá gìdì bí ó bá ń wọlé, tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé láàárọ̀, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé “gíà ti lọ.” Ẹ ní sùúrù. Nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì sítìn, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ló ti já, gbogbo ẹ́ńjìnnì á sì máa sọ̀ bí gíà bá ti wọlé. Nígbà mìíràn, ọ́ìlì gíà ló dín tàbí ló ti jóná. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó dé lẹ́yìn 2007 kò tilẹ̀ ní géèjì ọ́ìlì gíà mọ́. Abẹ́ ni wọ́n ti ń wò ó, nígbà tí ọkọ̀ bá móoru dé ìwọ̀n kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì kì í fi í wò ó rárá. Ẹ rí i dájú pé irú ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n lò ni wọ́n ń dà sí i. Nissan Murano ń lo gíà CVT, èyí tí kò ní gíà kìíní àti ìkejì bíi tàwọn yòókù. Ọ́ìlì tirẹ̀ nìkan ló lè gbé e, ọ́ìlì gíà lásán á pa á. CVT yẹn fúnra rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Nissan fi sún ìdánilójú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà síwájú dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì fún àwọn ọkọ̀ 2003 sí 2010. Èmi kò ní gba ará ilé mi nímọ̀ràn láti ra Murano àtijọ́ fún ọ̀nà wa.

Pathfinder 2005 sí 2010 ni àpẹẹrẹ tó dùn mí jù, torí ìnáwó kékeré ló ń ṣáájú ìnáwó ńlá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún oní-ọkọ̀. Nínú rádíétọ̀ rẹ̀ ni páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà wà. Páìpù náà máa ń là nínú lọ́hùn-ún, kúláǹtì á wọnú gíà, ọ́ìlì gíà á wọnú omi. Bí ẹ bá ṣí rádíétọ̀ tó tutù, tí ẹ bá rí ohun tó dàbí mílíìkì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ má sì gbé ọkọ̀ náà rìn mọ́. Gíà tí omi bá ti wọ̀, ó ṣòro kó yè. Rádíétọ̀ tuntun tí ẹ bá tètè fi sí i kí ó tó là, ìpele kejì ni. Gíà tó máa bà jẹ́ bí ẹ bá dúró, ìpele kẹta ni. Bí ẹ bá ra Pathfinder irú àkókò yẹn, tí rádíétọ̀ tó bá a wá ṣì wà nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé.

Àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù

Lára Toyota àti Lexus, iná mẹ́ta lè tàn lẹ́ẹ̀kan náà: ti ẹ́ńjìnnì, ti VSC (ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà), àti ti táyà tó ń yọ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé gbogbo ọkọ̀ ló ti bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti rí àléébù kan ní ẹ́ńjìnnì, ó máa ń pa àwọn ètò yòókù fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ló fi ń tan iná tiwọn pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo ló lè fà á, ó sì lè jẹ́ ìdérí táǹkì epo tí ọmọ ilé epo kò dé dáadáa. Iná tó dúró jẹ́ẹ́ fún yín láàyè láti délé. Iná ẹ́ńjìnnì tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé sílíńdà kan kò jóná. Ẹ dín eré kù, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ síkáànì bọ̀ lábẹ́ sítíà. Àmọ́ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde kì í dárúkọ pààtì tí ẹ máa rà. P0300 ń sọ pé iná kò jó déédéé káàkiri sílíńdà. Ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, nọ́sù, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé. P0420 ń sọ pé kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àìmọye ọkọ̀ wa ló sì ń tan iná yẹn nítorí pé ẹnì kan ti gé kátálísì náà tà lẹ́yìn ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé fún yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá kàn pa iná náà rẹ́ tí wọ́n sì gbowó, ẹ óò tún rí i kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo oní Toyota àti Lexus V6 mọ̀. Mẹ́ta nínú plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́yìn, lábẹ́ àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ gba plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ti gbó sọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó iṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti pààtì tí wọ́n ń rà fún un

Ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ṣòro. Kòtò àti ilẹ̀ pupa ló ń jẹ línkéèjì, búṣìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bó bá ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ lórí ọ̀nà tí kò dán, línkéèjì àti búṣìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mì wò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Bó bá ń dún ká-ká-ká bí ẹ bá ń yí sítíà dé òpin, ojú ṣáàfù ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rọ́bà rẹ̀ ti ya tipẹ́, eruku ọyẹ́ sì ti wọ ibi tí gíríìsì wà. Ẹni tó bá rí yíya rọ́bà yẹn lásìkò, rọ́bà nìkan ló máa rà.

Owó pààtì fúnra rẹ̀ ní ojú mẹ́ta: tuntun gidi láti ilé iṣẹ́, tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn lókè òkun, àti àfarawé tó wọ páálí dáradára. Fún ẹ́ńjìnnì àti gíà, tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa lè rà, kò sì burú bí ẹ bá gba àkókò ìdánwò sínú ìwé lọ́wọ́ olùtajà. Fún plọ́ọ̀gì, fíltà, bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù omi, ẹ má ra tòkúnbọ̀, ẹ má sì ra àfarawé. Bí pààtì bá ní láti wá láti ọjà Ládìípọ̀ ní Èkó tàbí láti Ìlọrin, ẹ béèrè owó wéébíìlì ṣáájú, kí ẹ sì fi nọ́ńbà VIN ọkọ̀ yín ránṣẹ́ kí wọ́n má bàa gbé ti ọdún mìíràn wá. Pààtì tí kò bá ọkọ̀ mu ni owó tí ẹ máa san lẹ́ẹ̀mejì. VIN jẹ́ àmì 17, ó wà ní igun gíláàsì iwájú. Ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ pè é ní 2010, àmọ́ 8 ló wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń lọ ra ọkọ̀, ẹ mú mẹ́káníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín ń sanwó fún dání, ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tutù ló máa ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ariwo ṣéènì, kó rí èéfín àkọ́kọ́, kó sì mọ bí gíà ṣe ń wọlé. Bó bá ti móoru kí ẹ tó dé, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ ń padà bọ̀ lọ́la, kó má tan án títí ẹ óò fi dé.